Bí Awun Ṣe Sọdá Títì

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ! Ààlọ̀! Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó lọ sílé. Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá mi gbè é.

Ẹyin kún inú Awun odò. Òdìkejì títì ni yanrìn gbígbẹ tó fẹ́ yé e sí wà, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń sáré kọjá níbẹ̀.

Awun dé ojú títì. Ewúrẹ́ rí i, ó ní, "Ó mà ṣe o, ìyá yìí ti ṣìnà!" Ó tì í padà sódò. Awun tún jáde. Àgbò ní, "Ìyá, odò mà nilé yín!" Ó fi ìwo gbé e padà. Ara ti ń ni Awun. Ó fi orin bẹ̀ wọ́n:

Ẹ má dá mi padà o,
*Tẹ̀rẹ́ń tẹ̀rẹ́.*
Ọmọ ń bẹ níkùn mi o,
*Tẹ̀rẹ́ń tẹ̀rẹ́.*

Wọn ò gbọ́. Wọ́n ń yin ara wọn lọ́wọ́!

Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kẹta, Pẹ́pẹ́yẹ ló pàdé. "Ìyá, ibo lẹ̀ ń lọ gan-an?"

"Ọ̀hún ni, ọmọ mi."

Pẹ́pẹ́yẹ na ìyẹ́ méjèèjì síwájú ọkọ̀. Awakọ̀ pariwo: "Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Ó dàrú. Aláboyún ń kọjá!"

Ọkọ̀ dúró. Awun sọdá, ó gbẹ́ yanrìn, ó yé ẹyin rẹ̀.

Ewúrẹ́ sáré dé. "Àwa ò kúkú mọ̀!"

Pẹ́pẹ́yẹ wò ó. "Ṣé ẹ bi í ni?"