Òkété Tó Ń Ṣọ́ Owó Òrùlé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó rìn títí, kò yà sí ilé olówó, kò yà sí ilé tálákà, ó kọrí sí ihò Òkété níbi tí wọ́n kó owó ìlú pamọ́ sí.

"Bàbá, ṣé Òkété ní owó ni?"

Ìgè, ta ló pè ọ́? Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀, o ti wọ inú ihò ṣáájú mi. Jókòó dáadáa.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan náà, tí wọ́n jọ ń san owó orí, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Àparò. Ìlú náà kò tóbi, kò sì lówó, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí àwọn ìlú ńláńlá kò ní. Bí obìnrin ibẹ̀ bá ń lọ sí oko, yóò to ọjà rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, yóò sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà náà. Iye òkúta ni iye owó ẹyọ tó ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò wo òkúta, yóò mú ọjà, yóò fi owó sílẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ńkọ́, Bàbá?"

Kò sí.

"Kò sẹ́ni kankan?"

Mo ní kò sí. Ojú ọ̀nà ló ń ṣọ́ ọ.

Jọláadé wà lára àwọn tó ń pàtẹ bẹ́ẹ̀. Opó ni. Ẹ̀kọ ló ń tà, lábẹ́ àtíbàbà kékeré kan ní ìkóríta. Ó ní ọmọ ọwọ́ kan. Bàbá ọmọ náà ti kú, kò sì fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún wọn ju ilé alámọ̀ kan lọ.

Ní ọdún kan, ìjì jà. Ó ṣí òrùlé ilé bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò. Ó ṣí ti Baálẹ̀, ó ṣí ti Jọláadé, ó ṣí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀yin ọmọ, ilé alámọ̀ tí kò ní òrùlé, òjò ńlá kan péré lè sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Gbogbo ìlú mọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wo ojú ọ̀run.

Ọba gbọ́ ní olú ìlú. Ó rán Ẹtu sí wọn pẹ̀lú ọ̀kẹ́ owó lọ́rùn. Ẹtu sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kábíyèsí ní kí n kí yín kú ewu ìjì. Owó ìrànwọ́ nìyí. Ẹ fi ra koríko bẹẹrẹ, kí ẹ fi bo gbogbo ilé kí òjò ńlá tó dé."

Gbogbo ìlú dúpẹ́. Ẹtu padà. Ó wá ku ọ̀kẹ́ owó nílẹ̀, gbogbo wọn yí i ká.

Baálẹ̀ ní, "Ta ni yóò bá wa tọ́jú rẹ̀?"

Òkété dìde, ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ta ló ní ihò tó jìn tó tèmi? Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Olè tó bá wọ ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọnù."

"Òótọ́ ni!" ni wọ́n pariwo. "Ihò Òkété jìn!"

Jọláadé pọn ọmọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀. "Bàbá Òkété, ẹ má bínú o. Bí ihò yín bá jìn tó bẹ́ẹ̀, báwo ni àwa náà yóò ṣe máa rí owó náà?"

Ariwo sọ. Baálẹ̀ na ọwọ́ sí i. "Jọláadé! Àgbàlagbà ni o ń bi bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kọ rẹ wà ní ìkóríta lójoojúmọ́, ta ló jí i rí? Ìlú tí a kì í ṣọ́ ẹ̀kọ, ṣé Òkété ni a ó wá máa ṣọ́?"

Ọ̀bọ wà lórí igi níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá ẹlẹ́kọ, lọ po ẹ̀kọ rẹ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Owó sì wọ inú ihò.

Ẹ gbọ́ ohun tí Òkété ṣe. Ó kọ́kọ́ ní, "Ẹni tó ń ṣọ́ owó gbọ́dọ̀ jẹun, kí oorun má baà gbé e lọ." Ó mú díẹ̀, ó fi ra ẹyìn. Ó jẹ ẹyìn, ó pa èkùrọ́ inú rẹ̀ jẹ. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹni tó ń ṣọ́ owó ọba kò gbọ́dọ̀ rí jákujàku." Ó fi ra fìlà àrán. Ó wo ara rẹ̀ nínú omi, ó ní, "Orí wọ àrán, ara wà ní ìhòòhò, ẹ̀sín kọ́ nìyẹn?" Ó lọ ra dàńdógó.

"Bẹẹrẹ ńkọ́, Bàbá?"

Bẹẹrẹ wà nínú igbó tó wà. Kò sẹ́ni tó rà á.

Bí Òkété bá wọ dàńdógó kọjá, àwọn ará ìlú á kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o!" Òun náà á rọra mi orí.

Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Jọláadé lọ sí ẹnu ihò, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má ṣe bí ẹni tí ebi ń pa:

Òkété abihò jìn,
*Tẹ̀rẹ̀ nàná.*
Òjò ń ṣú bọ̀ lókè,
*Tẹ̀rẹ̀ nàná.*
Ilé mi ò lórí o,
*Tẹ̀rẹ̀ nàná.*
Owó tọ́ba fi ránṣẹ́ dà?
*Tẹ̀rẹ̀ nàná.*

Òkété dáhùn láti inú ihò. "Ta nìyẹn? Jọláadé? Owó ń sinmi. Ọ̀nà tó rìn jìn."

Jọláadé padà sílé. Òjò wínniwínni rọ̀, ó ta sí ọmọ lórí ẹní, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Jọláadé tún lọ, ó tún kọrin.

Òkété ní, "Ìgbìmọ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò."

"Àwọn wo ni ìgbìmọ̀, Bàbá Òkété?"

"Èmi, ìyàwó mi, àti àbúrò ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ wa kò tíì ṣọ̀kan."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Jọláadé kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ohun tó ń gbọ́ láti inú ihò ni kó, kó, kó. Òkété ń pa èkùrọ́. Jọláadé kò kọrin mọ́. Ó lọ sílé, ó ká ẹní, ó gbé ọmọ, ó kọjá sí abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ní ìkóríta. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó, ìjì sì ti ré e kọjá nítorí pé ó kéré. Ó ní, "Ibi tí ẹ̀kọ mi ti ń rí ààbò, èmi àti ọmọ mi náà yóò gbà á."

Ọpẹ́ ni pé ó lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òjò ńlá dé. Ó rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Ilé Jọláadé, tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù ní ìlú, jókòó wọ̀ọ̀ sílẹ̀ bí arúgbó tó rẹ̀. Ó ń wò ó láti abẹ́ àtíbàbà, ọmọ wà láyà rẹ̀.

"Ọmọ náà kò kú?"

Kò kú. Ìkòkò ló kú, àwo ló kú, ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló kú.

Òjò kan náà wọ inú ihò Òkété. Àgbàrá kò mọ ọ̀tún, kò mọ òsì, ó wọlé tààrà. Òkété jáde pẹ̀lú fìlà àrán lórí, dàńdógó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn ará ìlú rí i, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n sáré.

"Owó ìlú! Ẹ gba owó ìlú là!"

Wọ́n gbẹ́. Èèpo èkùrọ́. Wọ́n tún gbẹ́. Èèpo èkùrọ́. Wọ́n gbẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n rí ọ̀kẹ́ owó. Ó ti ṣófo. Òkété ti ká a, ó fi ṣe ìrọ̀rí.

Gbogbo wọn yíjú sí Òkété.

Òkété ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé…" Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú wọn, àlàyé pin. Ó kó sínú igbó. Fìlà já bọ́, ẹ̀gún gba dàńdógó lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Òkété kì í ti í jáde lójú ọ̀sán. Ojú ń tì í láti wo ilé tó ní òrùlé.

"Bàbá, ó parí?"

Àìná, ta ló sọ fún ọ? Èyí tó burú jù ló kù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé òjò náà, Jọláadé to ẹ̀kọ tó fi ìkòkò àyálò pò sí ìkóríta, ó kó òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó lọ ṣa ohun tó kù nínú ẹrẹ̀ ilé rẹ̀. Nígbà tó padà, òkúta wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ kò sí. Owó kò sí.

Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Òkè-Àparò. Jọláadé figbe ta bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ìlú sáré dé. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí Ọ̀bọ lórí igi, ewé ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀bọ, ìwọ ni?"

"Èmi ni." Kò tilẹ̀ sẹ́. "Bàbá Òkété jẹ owó òrùlé yín, ó fi wọ àrán, ẹ̀ ń kí i kú iṣẹ́. Èmi jẹ ẹ̀kọ, ẹ wá ń pariwo lé mi lórí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa fi owó sílẹ̀ fún?"

Ìgbà náà ló yé wọn pé kì í ṣe owó nìkan ni Òkété jẹ.

Jọláadé ló sọ̀rọ̀, kò sì kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Ẹ ní ìlú wa kì í ṣọ́ ẹ̀kọ. Irọ́ ni. Ìkóríta ni ẹ̀kọ mi wà. Ẹni tó ń lọ rí i, ẹni tó ń bọ̀ rí i. Gbogbo yín lẹ̀ ń ṣọ́ ọ, ẹ ò mọ̀ ni. Owó òrùlé ńkọ́? Ẹ gbé e sí ibi tí olè kò lè rí i. Ibi tí olè kò lè rí, ẹni tó ni owó náà kò lè rí i!"

Baálẹ̀ ṣí fìlà. "Jọláadé, ìbéèrè lo bi wá, ìwọ̀sí ni mo fi dá ọ lóhùn. Èmi ni mo kó ìlú sínú ihò. Ilé tèmi ni kí ẹ bò kẹ́yìn."

Wọ́n he àrán àti dàńdógó nínú igbó, wọ́n sì tà á. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ìkóríta, wọ́n da owó náà sí gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ Jọláadé. Wọ́n to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, òkúta kan fún ilé kan tí kò ní òrùlé. Bí wọ́n bá bo ilé kan, onílé á wá mú òkúta tirẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá ń kọjá á wo owó, á wo òkúta, á mọ ibi tí iṣẹ́ dé.

Nígbà tí owó tán, wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ọkùnrin gé bẹẹrẹ, àwọn obìnrin rù ú. Ọ̀bọ ló ń gun òkè ilé, ó ń so ó. Nígbà tó béèrè owó iṣẹ́, Jọláadé ní, "O ti jẹ ẹ́."

Òkúta Jọláadé pẹ́ nílẹ̀, nítorí a kì í mọ ilé nínú òjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n tó mọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bò ó tán, ọmọ tó ń wúkọ́ lọ́jọ́sí ti ń rìn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ sí ìdí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta ìyá rẹ̀.

Ó wá ku òkúta kan nílẹ̀.

"Ti Baálẹ̀!"

Ti Baálẹ̀ ni. Ẹ ṣeun, ẹ ò sùn.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tí a bá fi ṣọ́ owó ìlú, kó gbé e sí gbangba. Ẹni tó ni owó náà, kó béèrè. Àrífín kọ́ ni ìbéèrè, bí ẹni tí a ń bi tilẹ̀ jẹ́ àgbà.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí nìyí. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí òrùlé ilé mi jò kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí mi ò bá parọ́, ẹ gbójú sókè, ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

"Kò jò!"

Ẹ tún un sọ, kí ìyá yín gbọ́ nínú ilé.

"Kò jò, Bàbá!"

Ó dáa. Ẹ ká ẹní yín, ẹ wọlé.