Ọkùnrin Tó Fi Ẹ̀rù Rẹ̀ Pamọ́ fún Ìyàwó Rẹ̀

Ọkùnrin kan ń bẹ ní Ìkìrun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ òrùlé kíkàn. Bí ilé ṣe wù kó ga tó, yóò gùn ún, yóò sì jókòó sórí igi àjà bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baba rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé yìí, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọmú rẹ̀. Wọ́n gé ọmú òsì. Wọ́n fa oògùn sí i lára títí gbogbo irun orí rẹ̀ fi re. Ọkùnrin yìí ló ń fọ aṣọ, òun náà ló ń di ike mú nígbà tí obìnrin náà bá ń bì. Nígbà tí ìtọ́jú parí, dókítà fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, kí àrùn náà má baà padà. Ó ní kò gbọdọ̀ lóyún lórí oògùn náà, nítorí ọmọ inú.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bímọ, ẹ wá bá mi. A ó jọ wo ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dá a dúró."

Ọdún ń gorí ọdún. Irun hù padà. Obìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń mu ẹ̀kọ, ó ní, "Mo fẹ́ ká lọ bá dókítà nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ."

Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. Ó ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan níbi tí wọ́n ti ń la pákó pé oyún ló jí àrùn yìí lára ìyàwó àbúrò ẹni náà, tí obìnrin náà ò fi rí ọjọ́ ìkómọ ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti wo ìyàwó rẹ̀, pósí ló ń rí. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ kọ́ ló kàn mí báyìí." Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde.

Bó bá sì sún mọ́ obìnrin náà lórí ibùsùn, kì í jẹ́ kí ojú òun kan ibi àpá náà. Obìnrin náà rò pé àpá ló ń rí i lára. Ṣùgbọ́n ó ṣì fẹ́ ọmọ, ló bá dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún dókítà. Kò pẹ́ tó fi lóyún.

Nígbà tí oyún hàn, ọkùnrin náà ò bínú, kò sì yọ̀. Ó kàn ń tẹ́tí sí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń mí.

Òjò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìn ilé níbi tó ti ń fọṣọ. Ọwọ́ obìnrin náà wà lára ọmú ọ̀tún, omijé sì wà lójú rẹ̀.

"Kí ló dé, Àwẹ̀ró?"

"Kókó kan wà níbí. Ó ti ṣe díẹ̀."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ṣé ẹ̀yin tí ara mi ń rí lára?"

Ọkùnrin tó ń gun òrùlé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Ó ní, "Ara rẹ ò rí mi lára. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Wọ́n sọ fún mi pé oyún á pa ọ́, mi ò sì lè gbé e sẹ́nu."

Obìnrin náà jókòó tì í. Ó ní, "Ẹ̀rù tó ń ba èmi náà nìyẹn. Mo rò pé èmi nìkan ni."

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Ojú dókítà le nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn náà. "Ohun tá a mọ̀ títí di òní kò fi hàn pé oyún ló ń pe àrùn yìí padà. Àwọn tó gba irú ìtọ́jú yìí ń bímọ. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn kì í tètè tán lára, ó sì lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ká ní ẹ wá ni, à bá ti ní kẹ́ ẹ dúró fún oṣù mélòó kan."

Wọ́n ya àwòrán ọmọ inú. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan nínú kókó náà, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa retí èsì. Ọkùnrin náà ń fá pákó kan ṣoṣo títí kò fi wúlò mọ́. Obìnrin náà bi í pé bó bá burú, ta ni yóò tọ́ ọmọ yìí? Ó ní òun ni. Wọ́n jọ sunkún.

Èsì dé: kókó ọyàn tó ń múra láti sẹ wàrà ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n bí ọmọbìnrin, ó kéré, ṣùgbọ́n ó pé. Ìyá fún un lọ́mú fún ìwọ̀nba oṣù, ó sì padà sórí oògùn rẹ̀. Títí di òní, bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́lé, àyà àwọn méjèèjì ń já. Ẹ̀rù náà ò lọ. Wọ́n kàn jọ ń gbé e ni.

Ọmọ mi, o wá bá mi pé kí n bá ọ sọ fún ìyàwó rẹ kó gbàgbé ọ̀rọ̀ ọmọ, nítorí àrùn tó ti ṣe é. N ò ní bá ọ sọ ọ́. Bóyá dókítà á ní kẹ́ ẹ dúró, bóyá á ní kẹ́ ẹ má dán an wò rárá. Èmi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Ẹ jọ lọ bi í. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, ìyàwó rẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yìí, ó ń retí ọ̀rọ̀ tí o máa bá jáde. Má sọ fún un pé o ò fẹ́ ọmọ. Sọ fún un pé o ò fẹ́ sin ín.