Ìjọba Tí Kò Lórúkọ ní Ìdó-Ìrókò

Amọ̀kòkò ni Àwẹ̀ró ní ìlú Ìdó-Ìrókò, opó sì ni. Láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń ro ó, aṣọ tí Ọyábùnmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń hun ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí àbàwọ́n funfun kan yọ sí ọmọ náà lápá tí kò lọ, Bàbá Ọdẹ́jìnmí oníṣègùn wò ó fínnífínní.

"Ẹ̀tẹ̀ ló ń bọ̀ yìí," ó wí. "Mo mọ gbòǹgbò tó ń lé e, inú Igbó Ọba ló wà. Ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ tó dé ni o. Bó bá ti wọ ìka, apá mi ò ní ká a mọ́."

Igbó Ọba kì í ṣe ibi tí ẹnìkan ń já wọ̀. Akéde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké e yí ìlú ká pé, "Báyìí ni ọba wí." Ọba ọ̀hún gan-an ni wàhálà. Àwọn ará ìlú ti lé e lọ ní èṣí nítorí ìkà rẹ̀, wọ́n sì yan àgbà méje láti máa tọ́jú ìlú. Ta wá ni kí akéde máa dárúkọ? Olóyè Látúnjí, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, ní kí ó máa wí pé, "Báyìí ni ìjọba aláìlọ́ba wí," nítorí òfin ló rọ́pò adé. Ògúntádé alágbẹ̀dẹ ní irọ́ ni, "Báyìí ni ìjọba àwa-ara-wa wí" ló tọ́, nítorí gbogbo ìlú ló nawọ́ kí wọ́n tó yan àwọn méje.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí wọ́n gbin àgbàdo títí wọ́n fi ń wa iṣu. Àwẹ̀ró kì í pa ìpàdé kankan jẹ. Yóò fẹ̀yìn ti ògiri ààfin, oorun á máa kùn ún. Nígbà tó sú u, ó dìde.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ṣé kò lè jẹ́ méjèèjì ni? Kò lọ́ba, tiwa sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wa gbòǹgbò fún mi."

Tọ̀tún tòsì yọ ṣùtì sí i. "Ìyá Ọyábùnmi, ẹ ṣe sùúrù," Látúnjí dáhùn. "Ọ̀rọ̀ ńlá lọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀. Kò ṣeé fi lé ìjọba tí kò lórúkọ lọ́wọ́."

Ó tún jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹkún gan-an ò wá mọ́.

Ní ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti dé, làpálàpá orí Olóyè Látúnjí bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lójú ìpàdé. Ó họ, ó họ, fìlà já bọ́. Bó bá ní kí òun sọ̀rọ̀, ọwọ́ á tún ti lọ sórí. Àánú rẹ̀ ṣe Ògúntádé pàápàá. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Ọdẹ́jìnmí, ó ní ewé àsúnwọ̀n ni yóò pa á, inú Igbó Ọba ló sì wà.

"Ẹ lọ já a wá!" ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà. Akéde ò ké, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè orúkọ ìjọba. Kò pẹ́ tí ìkòkò àgbo fi ń hó níwájú ààfin.

Ọyábùnmi bá ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, oníṣègùn sì ní kó bá òun sọ àgbo kalẹ̀. Ọmọ náà kò wá àkísà. Ọwọ́ lásán ló fi gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó rọra ń gbé e bọ̀ níwájú olóyè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo ìjókòó ń gbóòórùn ẹran ara tó ń jó. Òun nìkan ni kò mọ̀.

Bàbá Ọdẹ́jìnmí já ìkòkò gbà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó mi orí. "Ó ti wọ ìka," ó wí.

Àwẹ̀ró tú gèlè, ó fi wé ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Kò pariwo. Ó wo Látúnjí, ó wo Ògúntádé, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó fẹ́ sùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá."

Ó di ọmọ rẹ̀ mú léjìká, wọ́n sì gba ilé lọ. Lẹ́nu obìnrin tó ti rẹ̀ yìí ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.