Pẹ́ńsù Pupa Tí Kò Kúrú

Ọkùnrin kan wà tí ó ń ṣọ́ igbó páìnì fún ọ̀gá kan. Ọ̀gá náà fún un ní àwòrán igbó lórí bébà, ó sì fún un ní pẹ́ńsù méjì. Ó ní kí ó fi búlúù sàmì síbi tó bá ti rí ẹyẹ àkókó, kí ó fi pupa sàmì síbi tí kòkòrò bá ti wọ abẹ́ èèpo igi. Níbi tí pupa bá pọ̀, wọn kò ní gé òkú igi tó dúró níbẹ̀, nítorí inú ihò rẹ̀ ni àkókó ń yé ẹyin sí, kòkòrò yẹn sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ibi tí kò bá sí pupa, wọn yóò gé òkú igi ibẹ̀ fún ìdáná.

Ọkùnrin yìí rí àkókó púpọ̀, ó sì sàmì sí gbogbo wọn tayọ̀tayọ̀. Ó ṣí èèpo igi, ó rí kòkòrò. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá ti yìn ín lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé igbó tirẹ̀ ló dára jù. Ojú tì í. Ó ki pẹ́ńsù pupa bọ àpò.

Ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí. Ó ní, "Bàbá Àńjọ̀rìn, búlúù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pupa ò tiẹ̀ tíì kúrú."

Ó ní, "Má dá sí i. Èmi fúnra mi ni màá pa àwọn kòkòrò náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

Àràárọ̀ ló ń fi àdá ṣí èèpo, ṣùgbọ́n igi pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ. Kò pẹ́, àwọn agégi dé. Wọ́n gé gbogbo òkú igi. Ó dúró ń wò wọ́n. Àkókó kó lọ, kò sì sí ohun tó ń jẹ kòkòrò mọ́. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn páìnì náà ti gbẹ láti òkè délẹ̀.

Ọ̀gá mú bébà náà jáde. Ó ní, "Àkókó mọ́kànlélógún lo kọ síbí, kòkòrò ò sí. Kí lo ní wọ́n ń jẹ? Èmi náà ni mi ò tètè béèrè."

Ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin yẹn bí mi nínú, bí ìwọ náà ṣe bí mi nínú lónìí. Oṣù mẹ́ta rèé tí o ti ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, o ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó rẹ gbọ́, pé ara rẹ yóò yá kó tó mọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣebí ìyàwó rẹ ló ń fọ áńkáṣíìfù rẹ? Kí lo rò pé ó ń rí níbẹ̀? Bí òun kò bá tíì béèrè, ìwọ lọ sọ fún un, kí ẹ jọ lọ sí ọsibítù lónìí.