Ilẹ̀kùn Tó Dún Lẹ́ẹ̀mejì

Ṣé ó yẹ kí ìyá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí kí gbogbo ìlú lè là? Obìnrin kan wà tí ìbéèrè yìí wà lọ́kàn rẹ̀, tí kò sì tíì rí èsì fún un títí di òní olónìí.

Obìnrin náà kò tíì dàgbà púpọ̀. Morádékẹ́, ọmọ àkọ́bí rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù márùn-ún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ náà bá ké, àyà ìyá rẹ̀ á já. Bí ó bá dákẹ́, àyà rẹ̀ á tún já ju ti àkọ́kọ́ lọ, á sáré lọ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí ihò imú ọmọ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá kí omi orí iná tó hó. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ yìí kò ní mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà láyé, ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni yóò rò pé èèyàn ń mí sí.

Ẹnìkan ṣoṣo ló lè gbé ọmọ náà fún kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Obìnrin kan tó ń yan ẹ̀pà tà ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ nínú ilé kan náà. Ìyá Ẹlẹ́pà ni gbogbo ilé ń pè é. Ó ti bí ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn ti dàgbà. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń yan ẹ̀pà rẹ̀ nínú yanrìn gbígbóná. Bí ó bá fẹ́ gbé ọmọ, á kọ́kọ́ gbọn yanrìn kúrò lọ́wọ́, á fọ ọwọ́, á wá fi ọwọ́ náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti tutù tó. Ohun tí ìyá Morádékẹ́ rí nìyẹn tó fi fọkàn tán an.

Àwọn méjèèjì jọ ń lọ sí iléèwé àgbà. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wọn ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, obìnrin mọ́kànlá sì ni wọ́n. Bí ìyá Morádékẹ́ bá ń kọ̀wé, Ìyá Ẹlẹ́pà á gbé ọmọ. Bí ó bá kan Ìyá Ẹlẹ́pà láti kọ̀wé, ọmọ á padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìdánwò wọn kù bí oṣù méjì. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ni ìyá Morádékẹ́ ń wá. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn ọmọ rẹ̀, kó yéé di ìgò mú kiri ojúlé bíi alágbe.

Ní àkókò náà, fíìmù kan wà tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Orúkọ rẹ̀ ni Ilẹ̀kùn Ìsàlẹ̀ Odò. Ayaba kan wà nínú rẹ̀ tí ìlú rẹ̀ wà létí odò. Ilẹ̀kùn kan wà nísàlẹ̀ odò náà, ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá tí kò lójú ń gbà wọ ìlú láti wá pa èèyàn. Ọwọ́ ayaba nìkan ni ilẹ̀kùn náà ń gbọ́ tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sí obìnrin kan ní kíláàsì wọn tí kò wò ó.

Tíṣà mọ̀ pé fíìmù náà ti gba ọkàn wọn. Nígbà tó kù ọ̀sẹ̀ kan kí ó parí, ó fi ṣe iṣẹ́ fún wọn. Ó ní kí oníkálukú jáde wá kọ ibi tó fẹ́ràn jù lọ sára pátákó.

Aránṣọ kan ló kọ́kọ́ jáde. Ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn ibi tí ejò ti bọ́ awọ sílẹ̀ tí awọ náà sì di afárá.

"Ejò kẹ̀! Ìwọ náà fẹ́ràn ohun ìrira," ni ẹnìkan wí. "Ibi tí ọba arúgbó ti sunkún tí omijé rẹ̀ di ẹja ńkọ́? Èmi jókòó, mo bá a sunkún."

"O bá a sunkún, àmọ́ o kò rí ẹja kankan kó lọ sílé," ni aránṣọ dá a lóhùn.

Ìyá Morádékẹ́ kọ tirẹ̀ pé òun fẹ́ràn ibi tí ayaba ti bu iyọ̀ sẹ́nu tí kò sì fọhùn, bó ti wù kí àwọn ọ̀tá lù ú tó. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Ẹlẹ́pà gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì kúrò nídìí pátákó. Ohun tó kọ ni pé: "Ibi tí ìránṣẹ́ ti gbé omi gbígbóná wá."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Tíṣà fúnra rẹ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Omi gbígbóná wo, Ìyá Ẹlẹ́pà?"

"Ọjọ́ tí wọ́n jà lórí odi. Ayaba ti ojú ogun dé, ìránṣẹ́ kan ti gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sẹ́nu ọ̀nà fún un pé kó fi fọ ẹsẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Ẹ ò rí i ni?"

Kò sẹ́ni tó rí i.

"Gbogbo wa ń wo idà, ẹ̀yin ń wo garawa!" ni aránṣọ wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá Ẹlẹ́pà náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta tí fíìmù máa parí, gbogbo ará ilé kó sí pálọ̀ ìyá onílé. Àwọn kan jókòó lórí àga, àwọn yòókù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Morádékẹ́ ti tètè wá, iwájú pátápátá ló jókòó sí. Ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú yàrá. Ó ti gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti rọra ti ilẹ̀kùn kí ariwo má bàa jí i. Ìyá Ẹlẹ́pà dé kẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ ló rí jókòó sí.

Nínú fíìmù, omi odò ń kún, àwọn ẹ̀dá tí kò lójú ń bọ̀ lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ayaba dé ìdí ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ṣì wà ní òdìkejì, ó ń sáré bọ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ayaba wo ọmọ. Ó wo ìlú. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn náà dún bí ìgbà tí àpáta já lulẹ̀. Ariwo ta ní pálọ̀. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń bú ayaba. Ìyá Morádékẹ́ gbé ọwọ́ lérí, omijé kò jẹ́ kó ríran dáadáa mọ́. Bí orin ìparí ti bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó sáré lọ sí yàrá rẹ̀. Ọmọ ń sùn fọnfọn. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí imú rẹ̀. Irun orí ọmọ náà ń rùn bí ẹ̀pà yíyan, àmọ́ kò sí ọjọ́ tí kì í rùn bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ mi gbọ́n," ó wí. "Ó mọ̀ pé òní kì í ṣe ọjọ́ ẹkún."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, tíṣà ní kí wọ́n kọ bí fíìmù náà ṣe parí. Ìyá Morádékẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ayaba ti ilẹ̀kùn, kò sì bojú wẹ̀yìn." Nígbà tó kan Ìyá Ẹlẹ́pà, ó dúró díẹ̀ níwájú pátákó, ó wá kọ ọ́ pé: "Ayaba padà wá ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ rẹ̀."

"Há!" ni gbogbo wọn.

"Ìyá Ẹlẹ́pà, fíìmù wo lẹ̀yin wò?" ni ìyá Morádékẹ́ bi í.

"Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì gbọ́ ẹ̀rín ọmọ."

"Ẹ gbọ́? Ojú la fi ń wo fíìmù. Ojú yín ńkọ́?"

"Oorun ni!" ni aránṣọ kígbe. "Oorun ni wọ́n sùn!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àmọ́ ìyá Morádékẹ́ mọ̀ pé òun jàre, adùn ìjàre náà sì ti kún ẹnu rẹ̀. Ó tún sọ ọ̀kan kún un.

Ó ní: "Ẹni tí kò lè wo fíìmù tán kó má sùn, ṣé òun wá ni mò ń gbé ọmọ mi fún?"

Ìyá Ẹlẹ́pà, tó ti na ọwọ́ láti gba ọmọ padà, fa ọwọ́ náà sẹ́yìn. Ó gbọn ẹfun ṣọ́ọ̀kì kúrò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti máa ń gbọn yanrìn.

"Bóyá mo tiẹ̀ sùn lóòótọ́, ìyàwó," ó wí, ó sì lọ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà, kò na ọwọ́ sí ọmọ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lọ́dẹ̀dẹ̀, á kí i dáadáa, á bi í bí ọmọ ti jí, á sì kọjá. Ìyá Morádékẹ́ ń pọn ọmọ lọ sí kíláàsì. Ọmọ ń ké, kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Nígbà tó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdánwò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka odindi ojú ìwé, òun ṣì ń tò ó ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tún fi apá ìparí fíìmù náà hàn ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan. Ó pọn ọmọ, ó dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n láti fi ojú ara rẹ̀ rí ìjàre rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ariwo ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Ayaba ti ilẹ̀kùn, kò bojú wẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti fẹ́ yí padà nígbà tó gbọ́ tí ilẹ̀kùn mìíràn dún. Ilẹ̀kùn yàrá ayaba ni, tí ayaba ń rántí. Ọmọ rẹ̀, nígbà tó ṣì kéré, ń ti ilẹ̀kùn náà wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dún fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, orin ìparí sì bò ó.

Ìyá Morádékẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Òun tó jókòó síwájú kò gbọ́ ìró kejì yẹn nítorí ariwo. Ẹni tí wọ́n ní ó sùn gbọ́ ọ. Ẹni tó bá sùn kò lè gbọ́ ohun tó kéré bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ tí kò sì rí i, kò sí nínú pálọ̀.

Ó lọ bá Ìyá Ẹlẹ́pà nídìí iná. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú, tòun tọmọ lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ò sùn. Níbo lẹ wà lọ́jọ́ náà?"

Ìyá Ẹlẹ́pà ro ẹ̀pà rẹ̀ títí, kó má bàa jóná. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

"Fíìmù ti tán, ìyàwó. Dìde nínú eérú. Jẹ́ n fọ ọwọ́, kí o gbé ọmọ wá."

Ó fọ ọwọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì gba ọmọ. Ìyá Morádékẹ́ yege ìdánwò. Ìgò oògùn ikọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó kà jáde ketekete, ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́pà ló sì ti kà á.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ àkàwé yìí, o lè jàre ní ọ̀rọ̀ fíìmù, kí o sì jẹ̀bi èèyàn. Nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé òun kò rí ohun tí o rí, má tíì fi ṣe ẹlẹ́yà. Kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó wà. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ ni ó ń bá ọ ṣe nígbà tí ìwọ jókòó síwájú. Bí kò bá sì dá ọ lóhùn, má rò pé kò ní èsì.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Ìyá Ẹlẹ́pà ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Morádékẹ́ kọ́kọ́ wọ aṣọ iléèwé, ìyá onílé wò ó títí, ó sì sọ ohun tí ojú òun rí láti ojú fèrèsé pálọ̀ lọ́jọ́ tí fíìmù parí. Ọmọ náà ti jí nínú yàrá, ó ń ké, ara rẹ̀ gbóná janjan. Ìyá Ẹlẹ́pà ló gbọ́ ọ, ló lọ ṣí ilẹ̀kùn, ló fi omi nu ọmọ lára, ló pọ̀n ọ́n, tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìnkùlé títí ara ọmọ fi rọ̀ tó sì sùn padà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ọmọ padà sí yàrá ni, ó sì dúró lábẹ́ fèrèsé tí tẹlifíṣọ̀n kọ ẹ̀yìn sí, nígbà tí ilẹ̀kùn dún lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló sì bẹ ìyá onílé pé kó má sọ ọ́. Ó ní bí ìyàwó bá gbọ́ pé ọmọ òun ké tí òun kò sì gbọ́, kò ní lè sùn mọ́.