Olókèwú àti Àwọn Òjìji Ìmọ̀sán

Ilé tó la láàárín kì í mọ yàrá tí òjò yóò kọ́kọ́ wọ̀.
Àlejò tó bá gbè sẹ́yìn ẹnìkan nínú ìjà ọmọ ìyá, ọ̀tá ló ń kó wálé.
Àwọn ló díá fún Olókèwú, ọba ìlú Òkèwú, lọ́jọ́ tí ìlú ọ̀rẹ́ rẹ̀ pín sí méjì, tí apá méjèèjì sì ń pè é pé kó wá bá àwọn gbé idà.

Ìmọ̀sán ni ìlú ọ̀rẹ́ náà. Àwọn baba ńlá wọn ti jọ mulẹ̀ láyé ọjọ́un. Wọ́n ní ogun tó bá ja ọ̀kan, èkejì yóò bá a gbé e. Nígbà tí Onímọ̀sán wàjà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì dìde sí oyè. Ládékojú mú apá òkè ìlú, Adétọ̀nà mú ìsàlẹ̀. Ojú ọ̀nà ọjà tó wà láàárín wọn di pápá ogun. Ẹni tó bá ṣubú síbẹ̀, ibẹ̀ ló ń wà. Ará òkè ò jẹ́ kí ará ìsàlẹ̀ gbé òkú tirẹ̀ sin, ará ìsàlẹ̀ náà ò sì gbà fún ará òkè.

Àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí Olókèwú. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ti ẹnu wọn jáde: "Èmi ni Ìmọ̀sán. Èmi lẹ bá mulẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ká ọba lára, nítorí Àdùnbárìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni aya Ládékojú. Ibi tó ti ń rò ó ni nǹkan mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òjìji ènìyàn máa ń sá sábẹ́ ẹsẹ̀, òjìji gígùn-gígùn bẹ̀rẹ̀ sí wọ Òkèwú láti ọ̀nà Ìmọ̀sán. Òjìji ni o, kò sí ẹni tó ni ín. Wọn a rọra gba ara ògiri kọjá. Wọn a dé ẹnu ọ̀nà ààfin, wọn a dúró. Ewúrẹ́ kì í gba ibi tí wọ́n bá wà. Ọlọ́jà a bo igbá rẹ̀, a wọlé, kò ní bojú wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan, ọba yọjú, ó rí òjìji obìnrin kan tó pọn ọmọ. Ó ké sí wọn.

"Ta lẹ ń wá?"

Òjìji ọmọ náà gbé orí kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó kọjú sí i.

Ọba ránṣẹ́ pe àwọn awo rẹ̀. Ó ní kí ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ òun?

"Kábíyèsí, òkú ojú ọ̀nà Ìmọ̀sán ni wọ́n, wọn ò mọ ẹni tí yóò sin wọ́n. Ọ̀rẹ́ ilé wọn ni wọ́n wá bá."

Wọ́n ní kó rúbọ. Kó rú ẹyẹlé, kó rú aṣọ funfun, kó sì kó idà tó ti pọ́n sílẹ̀ fún ogun tì í. Kó fi aṣọ náà sin àwọn òkú ojú ọ̀nà. Kó má wọ ilé ẹnìkan nínú àwọn ọmọ ọba méjèèjì, kó má jẹ oúnjẹ wọn, títí òkú yóò fi wọlẹ̀. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ Ìmọ̀sán ni àwọn baba yín bá mulẹ̀. Wọn ò bá adé mulẹ̀."

Olókèwú gbọ́, kò gbà. "Ṣé kí n máa wòran ni, kí wọ́n pa ọkọ ọmọ mi lójú rẹ̀?" Ó fa idà lé Jagun Akínrelé, àbúrò rẹ̀, lọ́wọ́. Ó ní kó kó ọmọ ogun lọ gbè sẹ́yìn Ládékojú.

Wọ́n lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ọba rí òjìji Jagun lára ògiri ààfin, tòun ti idà. Ó pariwo, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, àwọn ọmọ ogun dé. Gbogbo wọn ló yè. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Jagun gbé idà sílẹ̀ níwájú ọba.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ò bá ẹnikẹ́ni jà. A dé ojú ọ̀nà àárín, mo yí òkú kan padà kí n lè kọjá. Ojú ara mi ni mo rí. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò rí tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má rán wa lọ mọ́."

Olókèwú ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó rúbọ bí àwọn awo ti ní kó ṣe é. Ó ru aṣọ funfun lórí, ó lọ sí Ìmọ̀sán fúnra rẹ̀, kò mú ọ̀pá dání. Ọfà ń fò lórí rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń wa ilẹ̀. Àdùnbárìn rí i láti apá òkè.

"Bàbá mi! Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa! Ṣé ẹ ò rí mi ni?"

Ọba gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Òkú obìnrin kan tó pọn ọmọ ló wà níwájú rẹ̀. Ó fi aṣọ yí àwọn méjèèjì pọ̀.

Ìyá àgbà kan ti apá ìsàlẹ̀ jáde wá. "Ọmọ mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ fún ilẹ̀." Òmíràn jáde láti apá òkè. Nígbà tí àwọn ìyá pọ̀ lójú ọ̀nà, tafàtafà wo ọrun ọwọ́ rẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò ta ọfà sí. Bí òkú kọ̀ọ̀kan ti ń wọlẹ̀ ni òjìji ń dín lára ògiri Òkèwú, títí gbogbo rẹ̀ fi tán.

Àwọn afọbajẹ apá méjèèjì jókòó lójú kan. Adétọ̀nà ni oyè já mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n fún Ládékojú ní ilẹ̀ lẹ́yìn odi, ó sì tẹ̀dó síbẹ̀. Ó pẹ́ kí Àdùnbárìn tó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ń bẹ láàyè, ó sì bímọ fún un.

Olókèwú wá ń jó, ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo rẹ̀ ń yin Ifá. Ó ní:

Ilé tó la láàárín kì í mọ yàrá tí òjò yóò kọ́kọ́ wọ̀,
Àlejò tó bá gbè sẹ́yìn ẹnìkan, ọ̀tá ló ń kó wálé.
Mo kọ etí ikún, ẹ̀rù bà mí;
Mo gbọ́ rírú, mo rú, mo rí ìsinmi.
Bí ilé ọ̀rẹ́ ẹni bá pín,
Ilẹ̀ tó gbé àwọn méjèèjì ró ni ká dúró tì.
Ẹni tó gba ìmọ̀ràn, tó kó ẹbọ kalẹ̀,
Ire ni yóò máa bá a gbélé.