Erinmi Tó Ṣẹ́ Kù Nínú Ibú Òlùwẹ̀

Ọdẹ́yalé ará Ìpakùn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, ní ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn le débi pé odò Òlùwẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàn mọ́. Òun ló fi igi àti amọ̀ sé odò náà, kí omi lè wọ oko ata rẹ̀ àti oko àwọn ará ìlú rẹ̀. Oko yè, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó ni oko kò balẹ̀.

Ìsàlẹ̀ odò ni Ẹ̀gùntẹ̀ wà, ìlú mìíràn, lábẹ́ ọba mìíràn. Níbi tí ààlà ìlú méjèèjì gbà kọjá ni ibú kan wà tí àwọn erinmi ń gbé. Nígbà ayé baba Ọdẹ́yalé, wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kọ̀ kì í dá ibẹ̀ kọjá. Nísinsìnyí, akọ kan àti abo kan ló kù, pẹ̀lú ọmọ wọn. Omi ibú ń fà lójoojúmọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ọmọ erinmi náà nínú ẹrẹ̀. Ó ti kú, igún ti yí i ká.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti wọ ilé Ọdẹ́yalé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wíwúwo lẹ́yìn ọgbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò rí ojú ẹsẹ̀ tó tóbi bí àwo, tó yí ilé po. Awẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde mọ́. Ìròyìn tún dé pé àwọn ará Ẹ̀gùntẹ̀ ń pọ́n ọ̀kọ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tú odò sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú àwọn.

Ọdẹ́yalé gbéra, ó tọ Ẹfúnyẹlá lọ, arúgbó obìnrin tó ń da owó ẹyọ nítòsí ibú, tí ìlú méjèèjì ń bi léèrè. Ó bá Láṣebìkan, olórí àgbẹ̀ Ẹ̀gùntẹ̀, níbẹ̀, tí ọba rẹ̀ rán wá. Wọn kò wo ojú ara wọn.

Ìyá da owó ẹyọ. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ikú wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yin méjèèjì. Ẹbọ ni kí ẹ rú."

Ọdẹ́yalé ní, "Ìyá, kí ni ẹbọ náà?"

"Àgbébọ̀ adìẹ, epo àti ẹ̀kọ, kí o gbé e sétí ibú. Lẹ́yìn náà, kí o já ibi tí o sé dé ìdajì, kí omi lè dé ibú, kó sì dé Ẹ̀gùntẹ̀."

"Oko ata mi tòkè ńkọ́, Ìyá? Yóò gbẹ."

"Oko náà wà lára ẹbọ."

Ó yíjú sí Láṣebìkan. "Ìwọ náà, àgbébọ̀, epo àti ẹ̀kọ. Kí ẹ fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀. Kí ẹ má sì ro èèsún etí ibú mọ́, oúnjẹ erinmi ni."

Láṣebìkan dìde. "Ìyá, omi ni mo wá béèrè, ẹ ní kí n fi ilẹ̀ ta ẹranko lọ́rẹ. Èmi ò rú ẹbọ kankan." Ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ.

Ọdẹ́yalé gbé ẹbọ rẹ̀ sétí ibú, ó sì wọ inú odò tòun ti ọkọ́. Omi mù ún dé àyà. Bó ṣe ń já amọ̀, abo erinmi náà yọrí níwájú rẹ̀. Ibú tó ń gbẹ ló lé e wá síbẹ̀. Èémí rẹ̀ ń fẹ́ sí ọkùnrin náà lójú. Kò síbi tí Ọdẹ́yalé lè sá sí. Ó rọra ní, "Má bínú. Mo ń ṣí i." Ó tún gbé ọkọ́ sókè. Amọ̀ ya, omi rọ́ lọ, ẹranko náà bá omi lọ.

Oko tòkè gbẹ lóòótọ́. Awẹ̀ró sunkún lórí rẹ̀. Àwọn ará ìlú sọ fún Ọdẹ́yalé lójú pé ó ti fi oúnjẹ ọmọ wọn fún ẹranko. Ẹ̀rù ń ba òun náà pé bóyá òun ti ṣìṣe. Ṣùgbọ́n oko ìsàlẹ̀ rí omi díẹ̀ mu, omi dé Ẹ̀gùntẹ̀, àwọn tó ń pọ́n ọ̀kọ̀ sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Láṣebìkan ní, "Mi ò rúbọ, omi ṣáà dé." Ó ro gbogbo èèsún etí ibú, ó gbin àgbàdo síbẹ̀. Àwọn erinmi tí kò rí koríko jẹ mọ́ wọ inú àgbàdo. Ó mú ọ̀kọ̀ dání, ó tu ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn nínú ibú. Akọ erinmi dojú ọkọ̀ náà dé, ó sì bù ú lẹ́sẹ̀ jẹ. Wọ́n gbé e délé láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò wúlò mọ́.

Nígbà tí òjò dé, ó dé pẹ̀lú àgbàrá. Ní Ẹ̀gùntẹ̀, kò sí gbòǹgbò èèsún tí yóò di ilẹ̀ mú mọ́. Etí odò ya lulẹ̀, ó gbé àgbàdo àti àká Láṣebìkan lọ. Ní Ìpakùn, omi gba ibi tí Ọdẹ́yalé já kọjá, ilé kankan kò wó.

Ọba méjèèjì fi Ọdẹ́yalé ṣe olùtọ́jú odò. Oko rẹ̀ rúwé, ilé rẹ̀ kún, abo erinmi sì bí ọmọ mìíràn.

Wọ́n pọn Láṣebìkan lọ sọ́dọ̀ Ẹfúnyẹlá. Ó ní, "Ìyá, ṣé mo ṣì lè rú ẹbọ náà?"

Ìyá ní, "Adìẹ wà, epo wà. Ilẹ̀ tí ìwọ ìbá yọ̀ǹda ti bá omi lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u ṣe là, tí ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín sì jókòó ti àbámọ̀.